Zillah Ní Ká Jáde

Òtítọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò lá a lójú àlá, ara mi ò sì gbóná lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ojú mi nìkan ló ṣe, ǹ bá ti pa ẹnu mi mọ́ títí dọjọ́ ikú. Àmọ́ gbogbo àwa obìnrin tá a jọ wà nínú ilé igi kan náà la rí i. Àwọn tó kù láyé nínú wa ò tíì yí ọ̀rọ̀ wọn padà dòní.

Annis Holden lorúkọ mi. Ahunṣọ ni mí, ọmọ ahunṣọ sì ni mí, ní Calderbeck ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé ìhunṣọ. Ariwo ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ń lù lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ń gbọ̀n, eyín ń gbọ̀n lẹ́nu. Bó o bá pariwo sétí ẹni tó dúró tì ọ́, kò ní gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ahunṣọ kì í fi ohùn sọ̀rọ̀. Ètè nìkan ni wọ́n ń lò. Wọ́n á máa yí ẹnu wọn láìsí ohùn rárá, ẹni tó wà lódìkejì á sì máa fojú gbọ́.

Zillah Pickup ló kọ́ mi. Ẹ̀rọ tiẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì há bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Wo ẹnu mi," ni ètè rẹ̀ wí. "Má wo ojú mi."

Mo pariwo pé mi ò gbọ́.

"Ta ló ní kó o gbọ́? Wò ó ni."

Ìyá mi ti kú nígbà náà. Àǹtí Zillah ò bímọ. A ò jókòó sọ ọ́ fún ara wa rí, àmọ́ ọjọ́ Ìsinmi kì í kọjá kí n má jẹun nílé rẹ̀, kí Bọ̀dá Enoch ọkọ rẹ̀ má bu ọbẹ̀ ẹran kún abọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Ariwo ẹ̀rọ ti di Bọ̀dá Enoch létí pátápátá. Ètè ẹni lòun náà ń wò.

Ọ̀rọ̀ ìbò ló gba ọkàn Àǹtí Zillah. Ó ní obìnrin tó ń hun aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀ gbọ́dọ̀ lè yan ẹni tí yóò máa ṣòfin lé e lórí. Ó máa ń gun orí kẹ̀kẹ́ ẹrù láàrin ọjà ní Sátidé láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo rántí Sátidé kan tí àwọn ọkùnrin ilé ìrọrin kóra wọn jọ wá bá a, tàwọn ti agolo lọ́wọ́.

"Zillah! Ta ló ń se oúnjẹ ọkọ ẹ báyìí?"

"Ọkọ mi ló ń sè é. Bébi bá ń pa ọ́, lọ bá a, á fún ẹ jẹ."

"Padà sílé o, ìyá arúgbó!"

Orí ẹja kan bà á léjìká. Ó mú un, ó wò ó dáadáa, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Ta lẹ̀gbọ́n eléyìí? Ẹ jọra gan-an o."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo. Wọ́n lù ú kíkankíkan. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó máa sọ̀kalẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó dúró, ó nà gangan, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Ẹ wò wọ́n," ló wí. "Wọ́n rò pé wọ́n ti pa mí lẹ́nu mọ́."

Gbogbo àwa ahunṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, láìsí ohùn, à ń pàtẹ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni agolo ń dákẹ́. Àwọn ọkùnrin náà ń wò yíká.

"Kí ló ń sọ? Kí ló ń sọ ná?"

Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń sọ."

Ogun dé. Òwú ò wọlé dáadáa mọ́, ilé ìhunṣọ wá ń ṣe iṣẹ́ ìdajì. Ọ̀pọ̀ nínú wa gba ilé iṣẹ́ ohun ìjà lọ, lẹ́yìn òkè, níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sínú ọta àwọn àgbá ńlá. Àwọn ilé igi kéékèèké ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, wọ́n jìnnà síra, wọ́n sì mọ òkìtì yẹ̀pẹ̀ sáàrin wọn, kí ọ̀kan má baà mú èkejì lọ bó bá bú. Wọn kì í jẹ́ ká mú nǹkan onírin wọlé. Kò sí píìnì nírun, kò sí bọ́tìnnì idẹ. Bàtà rọ́bà là ń wọ̀. Jẹ́jẹ́ là ń rìn, jẹ́jẹ́ là ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀tù náà sì ń wọ ara. Ojú wa pọ́n rúsúrúsú bíi pupa ẹyin, ọwọ́ wa pọ́n, irun iwájú orí wa pọ́n. Ìbákà, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n, làwọn ọmọ àdúgbò ń pè wá. Bá a bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á máa súfèé bí ẹyẹ. Àǹtí Zillah á súfèé padà.

Ilé igi tiẹ̀ kọjú sí tiwa. Bí òkìtì yẹ̀pẹ̀ ṣe rí níbẹ̀, a lè rí fèrèsé ara wa lórí rẹ̀. Òun àti àwa máa ń sọ̀rọ̀ láti fèrèsé sí fèrèsé. Ọ̀gá tiwa, Mísì Thorold, máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Ọmọ gúúsù ni, kì í ṣe ahunṣọ, kò sì mọ ọ̀rọ̀ ètè kà. Kì í pariwo mọ́ èèyàn. Kì í sì í sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀.

Ṣáájú Kérésìmesì, Àǹtí Zillah bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Funfun ojú rẹ̀ náà wá pọ́n. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹ̀tù ò tó mọ́, wọ́n kó àwọn obìnrin ilé tiẹ̀ lọ síbòmíì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa.

Mo lọ wò ó ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun. Kò ní èémí tó lè fi sọ̀rọ̀ mọ́. Ètè ló ń lò.

"Ìbákà mi."

"Àǹtí, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Ṣé o gbọ́ ohùn kankan lẹ́nu mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti ń bọ́ lójú mi.

"Kí ni wọ́n ń sọ ní London nípa ìbò wa?" ló bi mí.

"Wọ́n ló ku àwọn olóyè ilé ìgbìmọ̀ àgbà. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó ti parí nìyẹn. Obìnrin tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún á lè dìbò."

Ó wò mí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀ kí n pé e."

"Yára dàgbà," ló wí.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, tèmi náà pọ́n. Èèyàn ò lè mọ ìka tèmi yàtọ̀ sí tiẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wá ní kí n máa lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Yìnyín ti ń bọ́ láti àná. Ó ti bo òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó ti bo òrùlé. Ó gbé gbogbo ìró mì. Lọ́jọ́ mìíràn, à ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń kọjá, à ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́nà jíjìn. Lọ́jọ́ yẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Òòlù onígi tá a fi ń gún ẹ̀tù nìkan ló ń dún. Tó. Tó. Tó. Inú wa sì dùn díẹ̀, torí ìwé ìròyìn àárọ̀ ti gbé e jáde pé àwọn olóyè fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìbò lánàá. Mò ń rò ó bí mo ṣe máa sọ fún Àǹtí Zillah ní ọjọ́ Ìsinmi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Letty Barlow dáwọ́ dúró. Òun ló kéré jù nínú wa.

"Annis," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wo ibẹ̀ yẹn."

"Kí ni?"

"Wò ó ná."

Mo wo fèrèsé. Yìnyín ń bọ́. Lódìkejì, ní fèrèsé ilé tí wọ́n tì pa, Zillah Pickup dúró.

Kò sí iná nínú ilé yẹn. Síbẹ̀ mo rí i kedere. Ó de fìlà iṣẹ́ rẹ̀ sórí. Ojú rẹ̀ ò sì pọ́n. Ó mọ́ bó ṣe mọ́ kó tó di pé ogun dé. Ètè rẹ̀ ń lọ.

"Ẹ jáde," ló ń wí. "Gbogbo yín. Ẹ jáde nísinsìnyí."

Ìyá Crabtree tó jókòó lápá òsì mi ti rí i. "Ọsibítù lobìnrin yẹn wà," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ilẹ̀kùn yẹn wà ní títì."

"Mo mọ̀, Ìyá Crabtree."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

Gbogbo òòlù ti dákẹ́. Mò ń gbọ́ bí Letty ṣe ń mí. Níbi tá a ti ń ṣiṣẹ́, bí èèyàn bá ní kẹ́ ẹ jáde, ohun kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí: ẹ̀tù fẹ́ bú. Mo wo àwọn ọta tó wà níwájú wa, gbogbo wọn nà sílẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn.

Mísì Thorold dìde nídìí tábìlì rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dáwọ́ dúró?"

"Àǹtí Zillah ní ká jáde, mà," ni mo wí.

Mo rò pé ó máa bínú. Ó wo fèrèsé. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ jáde," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ rọra rìn. Ẹ má sáré."

A tò jáde. Ó di ilẹ̀kùn mú títí tí ẹni ìkẹyìn fi kọjá, kó tó tẹ̀ lé wa. A gba ẹ̀yìn òkìtì yẹ̀pẹ̀ lọ sí ibi ọgbà wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A so mọ́ ara wa níbẹ̀, a bo etí, a dijú. Letty ń sunkún. Mo dúró de ariwo náà.

Kò sí ariwo. Yìnyín ń bọ́ sí wa lórí.

Mo lajú. Ilé wa wà lójú kan. Ní fèrèsé òdìkejì, ó ṣì dúró síbẹ̀, ètè rẹ̀ ṣì ń lọ, àmọ́ yìnyín ti pọ̀ jù, mi ò lè kà á mọ́. Nígbà tí yìnyín fúyẹ́ díẹ̀, fèrèsé ti ṣófo. Ilẹ̀ tó yí ilé yẹn ká funfun láú. Kò sí ẹsẹ̀ èèyàn kan níbẹ̀, ì báà jẹ́ tẹni tó wọlé tàbí tẹni tó jáde.

Ìgbà náà la gbọ́ aago kékeré kan. Aago ọrùn ẹṣin ni.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ń bọ̀ lójú títì. Ọkùnrin kan ń fi ẹsẹ̀ rìn níwájú ẹṣin, ó ṣí fìlà, yìnyín ti bo orí rẹ̀. Pósí kan wà lórí kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹlòmíràn.

Ìyá Crabtree ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. "Jésù," ló wí. "Enoch nìyẹn."

Bọ̀dá Enoch dúró nígbà tó rí wa. Ó wò wá, gbogbo wa, pẹ̀lú ojú pupa wa àti bàtà rọ́bà wa, tá a tò sí ìdí ọgbà bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?" ló bi wá.

Gbogbo wa ń wo pósí náà.

"Ọjọ́rú ló kú," ló wí. Bí adití ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́, sókè, láìmọ̀ pé òun ń pariwo. "Àwọn ọ̀gá yín ní n má tíì sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ máa dáṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ gba ibí. Ọ̀nà òkè ni mo gbà. Yìnyín ti dí i, ni mo bá ṣẹ́rí padà níbi afárá, ìsinsìnyí náà ni. Ta ló sọ fún yín?"

Mo kọjú sí i kó lè rí ẹnu mi. "Òun ni," ni mo wí.

Ó wo ètè mi. Kò ní kí n tún un sọ. Ó gbé ọwọ́ lé pósí náà, ó rọra gbá a díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

"Ẹ dágbére fún un, tó bá rí bẹ́ẹ̀," ló wí.

Àwa ahunṣọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá lóhùn òkè. A fi ètè sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló kàn rí. Gbogbo wa dúró sídìí ọgbà wáyà yẹn, à ń sọ̀rọ̀ nínú yìnyín láìsí ohùn kankan, Bọ̀dá Enoch sì ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi orí dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn. Ìyá Crabtree bá Zillah jà pé kò dúró de òun, olóríkunkun obìnrin. Letty ní òun á máa súfèé padà. Ohun tí èmi sọ, èmi àti Bọ̀dá Enoch nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí. "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti gbọ́ ìròyìn London?"

"Ìròyìn wo? Ẹ̀gbẹ́ pósí ni mo wà lóru mọ́jú."

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Lánàá."

Ó yí padà, ó tẹrí ba mọ́ kẹ̀kẹ́ náà títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi pósí. Ètè rẹ̀ ń lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìsí ohùn, kò kánjú, bó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ó dúró, bí ẹni tó ń retí èsì. Lẹ́yìn náà ló mú okùn ẹṣin.

A wò ó títí yìnyín fi bò ó mọ́ wa lójú.

Mánija ilé iṣẹ́ náà sáré dé. "Ta ló ní kẹ́ ẹ jáde?"

"Èmi ni," ni Mísì Thorold wí.

"Nítorí kí ni?"

"Mo rí ewu."

"Ewu wo?"

"Ó ti kọjá."

Ìyá Crabtree ní a rí èèyàn ní fèrèsé òdìkejì. Mánija mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilé tí wọ́n tì pa, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó wọbẹ̀. A tẹ̀ lé e. Eruku tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Mo lọ síwájú fèrèsé. Yìnyín ti dì mọ́ gíláàsì náà nínú, ó nípọn, ó funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sí i. Èèyàn ò lè rí nǹkan kan gba inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹni ìta rí i.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, èmi àti Mísì Thorold la kẹ́yìn nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Ó ń gbìyànjú láti de kóòtù rẹ̀. Mo bá a dè é.

"Mà, ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ ètè wa kà," ni mo wí. "Kí ló mú kẹ́ ẹ gbà wá gbọ́?"

"Mi ò kà á. Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ bí?"

"Bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ yìí. Ó ní, 'Jẹ́ kí wọ́n lọ, Tottie.'"

"Ta ni Tottie?"

"Èmi ni. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo ronú sí i. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn níbẹ̀, Àǹtí Zillah ò sì mọ̀ ọ́n. "Ohùn Àǹtí Zillah há, mà," ni mo wí. "Ṣé ohùn tó há ni?"

Ó mi orí pé rárá. "Ohùn ọkùnrin ni, Annis."

Mo bá a de bọ́tìnnì òkè. "Ṣé ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Níbo ló wà?"

"Ilẹ̀ Faransé, lójú ogun. Wọn ò rí òkú rẹ̀."

Mo fi apá kọ́ apá rẹ̀, a jáde sínú yìnyín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa bá ọ̀gá mi rìn bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀. Àwọn tó kù ti lọ síwájú síbi ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tá a dé ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n tì pa, ó dúró.

"Dúró ná," ló wí.

Mo dúró. Mo tẹ́tí. Yìnyín ń bọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan rárá. Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún, mo sì rọra fà á lápá, àmọ́ kò tíì fẹ́ lọ. Ó yí ojú sí fèrèsé náà. Ó ń fi orí dáhùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, tó sì ní kí wọ́n máa bá a lọ.